Bí ẹ ṣe lè rẹ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí ẹ dá ojúlówó mọ̀ lọ́jà, kí ẹ sì rí owó ọwọ́ yín gbà

N kò rí ọwọ́ ìyá mi àgbà kí ó mọ́ rí. Láti èékánná dé ọrùn ọwọ́, aró ni. Bí wọ́n bá ń bu ẹ̀kọ fún wa láàárọ̀, ìka wọn tó dúdú lórí ẹ̀kọ funfun ni ojú mi máa ń wà. Ìdí aró wọn wà ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta, ìkòkò mẹ́rin lábẹ́ àtíbàbà páànù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ funfun tí a fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí a tó fi aró rẹ ẹ́, òun náà ni mo fi ń jẹun títí di òní, ní ọjà Ìtòkú.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí bí wọ́n ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ fún, àti ẹni tó bá fẹ́ ra àdìrẹ láìjẹ́ kí wọ́n gbé ayédèrú lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán tí àwọn ìyá wa yà, ní ilẹ̀ òkèèrè, ọkọ̀ ń kó o wá, wọ́n sì ń tà á nínú ọjà kan náà tí a jókòó sí, ní iye tí kò tó owó aṣọ funfun tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyẹn dùn wá. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tó ń pa wá lára tí a kì í sọ: àwa fúnra wa kì í ka ọwọ́ wa mọ́ owó. A ó ka aṣọ, a ó ka láfún, a ó ka owó mọ́tò, a ó wá fi ọjọ́ mẹ́ta tí a fi jókòó ta ènìyàn lọ́rẹ.

Èlú àti omi eérú

Èlú, tí a fi ewé rẹ̀ ṣe aró, lẹ máa kọ́kọ́ wá. Igi tó ń fà mọ́ igi mìíràn ni, nínú igbó. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ṣì rọ̀, ni kí ẹ já. Ẹ gún un nínú odó títí yóò fi dúdú, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ mọ ọ́n roboto, ẹ sá a sóòrùn. Kí ẹ tó kó o nílẹ̀, ẹ fọ́ ọ̀kan wò. Bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sóòrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu. Èyí tó bá gbẹ dáadáa lè wà nílé fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí kò bá rí ewé já, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn lẹ́kùlẹ́jà.

Lẹ́yìn èlú, eérú. Èèpo kòkó gbígbẹ dára, igi líle náà dára. Ìyá mi àgbà kì í lo eérú tí wọ́n sun lẹ́ẹ̀kan. Wọn a po ó mọ́ omi, wọn a mọ ọ́n bí ìṣù, wọn a tún un sun. Wọ́n ní eérú tó rí iná lẹ́ẹ̀mejì kì í purọ́.

Ẹ gbé ìkòkò tó ní ihò nídìí lé orí èyí tí kò ní. Ẹ tẹ́ igi wẹ́wẹ́ sí ìdí ti òkè kí eérú má baà já sísàlẹ̀, ẹ kó eérú lé e, ẹ wá máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kánjú. Ohun tó ń kán sísàlẹ̀ yẹn ni agbára aró wà. Àwọ̀ rẹ̀ a dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, bí ẹ bá sì fi ìka méjì yí i, a máa yọ̀ bí ọṣẹ. Àwọn àgbà a máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n lè mọ bó ṣe kan tó. Ẹ̀yin ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, omi eérú tó bá kan dáadáa lè bó ahọ́n. Ìyọ̀ yẹn ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá fọ́ èlú yín sínú omi yìí nínú ìkòkò ńlá tàbí kẹ́ẹ̀gì oníke tí a gé lórí, ẹ fi igi rò ó, ẹ dé e. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa rò ó. Nígbà oòrùn, ó lè gbà ní ọjọ́ kẹta. Nígbà ọyẹ́, ó lè tó ọjọ́ méje kí ó tó dáhùn. Ẹ má jẹ́ kí òórùn rẹ̀ lé yín sá, bí kò bá rùn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbà? Ojú omi náà a máa dán bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ìfófòó a kórajọ láàárín, búlúù rokoṣo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi igi ya ìfófòó náà sọ́tọ̀, abẹ́ rẹ̀ kò ní búlúù rárá, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n lọ lẹ máa rí. Àwọ̀ ewé yẹn ni aró tó wà láàyè. Bí abẹ́ rẹ̀ náà bá jẹ́ búlúù, aró yín kò tíì jí. Ẹ bu omi eérú tuntun sí i, ẹ fi ìṣù èlú kan tàbí méjì kún un, ẹ gbé e sí ibi tó móoru, ẹ padà wá lọ́la.

Ọmọ ìjọ ni ìyá mi àgbà, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, kí wọ́n tó ṣí ìkòkò, wọn a kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, wọn a ní, “Ìyá Màpó, jẹ́ ó gbà.” Òrìṣà àwọn obìnrin aláró ni Ìyá Màpó. N kò bi wọ́n léèrè rí. Èmi náà ń sọ ọ́.

Ẹnìkan yóò ní ṣebí kẹ́míkà bíi sóódà àti háídírọ́ọ̀sì wà, tó ń ṣe gbogbo èyí ní wákàtí kan. Ó wà, mo sì ń lò ó fún kàm̀pálà tí mo ń tà fún àwọn tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìjà lórí rẹ̀ ti pẹ́ l'Abẹ́òkúta. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn oníbàárà ń ti Sẹ̀nẹ̀gà àti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí wá ra àdìrẹ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, sóódà àti aró òyìnbó sì ti wọ ìdí aró. Nígbà tí ọjà gbogbo ayé wá dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ní kẹ́míkà ló ba orúkọ àdìrẹ jẹ́, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fòfin dè é. Ní 1936, àwọn aláró dìde tako òfin náà. Wọn kò gbà kí ẹni tí kò ti ọwọ́ bọ ìkòkò rí máa sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe jẹun. Èyí tí mo bẹ̀ yín kò ju ọ̀kan lọ: ẹ sọ fún oníbàárà èyí tí ẹ fi ṣe é. Èlú, ẹ pè é ní èlú. Kẹ́míkà, ẹ pè é ní kẹ́míkà, kí owó wọn má sì dọ́gba. Ẹni tó bá sì ń lo sóódà, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ó má da omi rẹ̀ sí odò.

Ẹ̀kọ àti ìyẹ́ adìẹ

Ẹ kù láfún dáadáa. Ẹ fi omi tútù pò ó, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ fọ́ álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, kí ó lè di aṣọ mú nínú aró. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, torí kókó kan ṣoṣo a máa ba ìlà jẹ́.

Aṣọ òwú funfun lẹ máa lò, èyí tí a ti fọ̀ kí ohun tí ilé iṣẹ́ fi mú un le lè kúrò lára rẹ̀. Aṣọ tó ní ike nínú kì í mu èlú. Láyé àtijọ́, yáàdì méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì ni a máa ń yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó wá rán an pọ̀ di ìró. Ẹ ká aṣọ náà sí ìṣẹ́po, kí ìlà ìṣẹ́po fi ibi tí ẹ máa ya àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn yín. Ẹ ti ààrin bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ yín má baà pa èyí tí ẹ ti yà.

Ìyẹ́ adìẹ ni bírò wa. Ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀, ẹ tì í bọ ẹ̀kọ, ẹ nù ún ní etí abọ́, ẹ wá fà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni yóò ṣẹ́ kù ní funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi páànù tí a gé ṣe yàtọ̀, àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń gé páànù yẹn l'Abẹ́òkúta, ó sì yá ju ti ìyẹ́ lọ. N kò fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ni mo fẹ́ràn.

Ẹ kọ́ àwọn àwòrán àtijọ́ kí ẹ tó dá tiyín. Nínú “Ìbàdàn dùn”, àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Íbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ṣíbí sáàárín òpó. “Jubilee” ti inú ọdún 1935 wá, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọba òyìnbó lórí oyè, àwọn obìnrin wa sì ya ọba àti olorì náà sára aṣọ. “Olókun” wà, pẹ̀lú àwọn ohun inú omi. Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígboro wọn ni wọ́n ń kà fún mi lára aṣọ.

Bí ẹ̀kọ bá ti gbẹ tó ń dún kẹ́kẹ́, ẹ ti aṣọ bọ aró ní gbígbẹ. Ẹ má rún un. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè jẹ́ẹ́. Àwọ̀ ewé ni yóò jáde! Ẹ dúró, ẹ wò ó. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ di búlúù, búlúù náà á máa rìn bọ̀ wá sáàárín títí ewé yóò fi tán. Mo ti ń wò ó láti kékeré, ó ṣì máa ń dá mi dúró. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá di búlúù tán lẹ tó lè tì í bọ̀ ọ́ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje, bí ẹ bá ṣe fẹ́ kí ó dúdú tó. Lẹ́yìn náà, ẹ sá a gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi tútù, ẹ họ ẹ̀kọ kúrò, ẹ ṣan án títí omi yóò fi mọ́, ẹ sá a síbòòji. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dán, ẹ ká a lé orí igi, ẹ fi kùmọ̀ lù ú.

Ẹ̀kán tó wà ní ìrù alángbá

Ìró kan wà tí ìyá mi àgbà yà, alángbá pọ̀ nínú rẹ̀. Lára ìrù alángbá kan, ẹ̀kọ kán sílẹ̀ láti orí ìyẹ́ wọn, ó sì fi àmì kan sílẹ̀ bí ẹ̀kán omijé. Wọn kò nù ún. Wọ́n ní ó ti di ti alángbá.

Oníbàárà kan wá láti Èkó, ó yin aṣọ náà, ó ní kí n jẹ́ kí òun ya fọ́tò rẹ̀, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ń kọjá nídìí àwọn tó ń ta aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ká ní báálù, mo rí alángbá. Mo na aṣọ náà. Ẹ̀kán wà ní ìrù rẹ̀. Mo tún tú u díẹ̀ sí i, alángbá mìíràn, ẹ̀kán náà, ibì kan náà, bákan náà gẹ́lẹ́. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, dé ìparí báálù. Àṣìṣe ọwọ́ ìyá mi àgbà ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ léraléra bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì mọ̀ pé àṣìṣe ni. Mo dúró níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹni tó ń tà á bi mí ṣé mo fẹ́ rà.

Ohun tí mo rí yìí ló kọ́ mi ní ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ oníbàárà báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ojúlówó, ẹ wá àṣìṣe. Ẹ wá ìlà kan tó wọ́, tàbí ibi tí ẹ̀kọ ti ya. Ẹ wá tú aṣọ náà lọ síwájú, kí ẹ wò ó bóyá àṣìṣe yẹn tún jáde. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀rọ ń ṣe é.

Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ padà pẹ̀lú. Ẹ̀rọ a máa tẹ ojú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Ẹlẹ́kọ kò rí bẹ́ẹ̀: ojú kan la fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà aró a máa gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ̀yìn á wá dúdú ju ojú lọ, àwòrán á sì fara hàn níbẹ̀ fírífírí. Ti oníko, tí a fi ìko dì, tojú tẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba, ẹ ó sì rí ibi tí ìko ti fún un. Ẹ wo etí aṣọ, bí ó bá funfun tàbí tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ ni. Ẹ fi áńkáṣífù funfun tó tutù nù ún, èlú tuntun a máa fi búlúù díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fa òwú kan yọ, ẹ tanná sí i: òwú gidi a jó di eérú bíi bébà, ike a yọ́, a sì di kókó líle.

Bí ẹ ṣe máa dá owó lé e

Ẹ mú ìwé. Ká ní aṣọ funfun gba ₦12,000, èlú àti eérú ₦5,000, láfún, álọ́ọ̀mù àti igi ìdáná ₦2,000, mọ́tò ₦1,000. Ó di ₦20,000. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń dúró, a ó wá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé e, a ó ní a jèrè.

Ẹ ka ọjọ́ yín. Ọjọ́ méjì lẹ fi ya àwòrán. Ọjọ́ kan ààbọ̀ lẹ fi rẹ ẹ́ tí ẹ sì fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́ta lẹ jọ rẹ, nítorí náà ààbọ̀ ọjọ́ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ààbọ̀ nìyẹn. Iye tí wọ́n ń san fún lébìrà tó ń po sìmẹ́ńtì ládùúgbò yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí tiyín kéré sí i. Ká ní ₦6,000 lójúmọ́, ó di ₦15,000. Àpapọ̀ ti di ₦35,000. Nínú aṣọ mẹ́wàá, ọ̀kan lè bàjẹ́, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, ₦3,500. Owó ṣọ́ọ̀bù àti èrè, ká ní ₦6,500. ₦45,000.

Ẹ̀rù á bà yín láti pe iye yẹn. Ó bà mí. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi ta ọjà tí owó aṣọ nìkan ń padà wọlé, tí mo ń yá owó ra láfún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pe iye tó yẹ, oníbàárà méjì yísẹ̀ padà. Ẹni kẹta jókòó, mo fi ẹ̀yìn aṣọ hàn án, mo fi ọwọ́ mi hàn án, ó san án. Ẹ má bá aṣọ báálù du owó, ẹ ò lè borí. Ẹni tí ẹ ti kọ́ láti wo ẹ̀yìn aṣọ ni oníbàárà yín.

Nípa àwòrán yín

Kò sí ẹni tó lè ní “Olókun” tàbí “Ìbàdàn dùn” ní tòun nìkan, ti gbogbo wa ni. Òfin Copyright ti Nàìjíríà (òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀) ti ọdún 2022, tí Ààrẹ bọwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, dáàbò bo iṣẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi orí ara yín dá, tiyín ni láti ìgbà tí ẹ ti yà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rí lẹ nílò. Nígbà tí ti alángbá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ mi ṣófo. Ní báyìí, mo ní ìwé kan: orúkọ àwòrán, ọjọ́ tí mo yà á, fọ́tò rẹ̀, àti gígé aṣọ kékeré tí mo fi pín-ín-nì so mọ́ ojú ewé. Àjọ Nigerian Copyright Commission náà máa ń gba ìfitónilétí iṣẹ́, kí ó lè wà lákọsílẹ̀. Bí ẹ bá sì wà ní ẹgbẹ́, òfin àmì ọjà fàyè gba ẹgbẹ́ láti forúkọ àmì kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́rìí sí i pé ọwọ́ ló ṣe aṣọ. Ẹni tó ń ta irú aṣọ náà fúnra rẹ̀ kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ìyá àgbà tó lè kọ́ yín, ẹ má sọ̀rètí nù. Nike Davies-Okundaye, oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, ti dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ l'Óṣogbo láti 1983, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa èlú ló sì ti jáde níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ó ku èlú fúnra rẹ̀. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, ṣùgbọ́n àwa ti ń ráhùn rẹ̀, nítorí igbó tí a ti ń já a ti di ilé. Bí ẹ bá rí i tó so, ẹ já pódì rẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ yọ hóró inú rẹ̀, ẹ gbìn ín sẹ́bàá ògiri tàbí ọgbà tó lè fà mọ́, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má já ewé rẹ̀ títí yóò fi gbilẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa já èyí tó wà ní ṣóńṣó, kí ẹ fi ti ìdí sílẹ̀ fún un.